Ọkọ̀ Tí À Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ní Sátidé tó kọjá, a wà níbi ìnáwó òkú kan ní Ajílóṣùn, ní Adó-Èkìtì, nígbà tí ariwo kan bẹ́ láti ìsàlẹ̀ títì. Onílù gbé ọwọ́ dúró. Ẹni tó ń fi máíkì pọn àwọn ọmọ olóòkú lé gbàgbé orúkọ ẹni tó fẹ́ pè. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ bú. Èkejì ní ó ti o, ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń gbé kọjá. Kò pẹ́ tí ohun tó ń ké náà fi yọ. Corolla ni.

Mo mọ Corolla ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á ní tòkunbọ̀, òun ló fi gbé ọmọ mẹ́rin lọ sílé ìwé, tó tún fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko, kó tó fà á lé àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà náà, jẹ́jẹ́ ni ọkọ̀ náà ń rìn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Nísinsìnyí, wọ́n ti gé síríńgì rẹ̀ débi pé àyà ló fi ń wọ́ nílẹ̀ bí ọ̀nì. Sálẹ́ńsà rẹ̀ ti di àwátì. Ìyẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fẹ̀ ju pátákó ìlọṣọ lọ, páànù tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń kanlé ni pánẹ́lì-bítà fi ṣe é. Nọ́ńbà 59 wà lára ilẹ̀kùn méjèèjì. Sítíkà ọ́ìlì oríṣi mẹ́fà wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n kò sì rí ọ̀kan nínú ọ́ìlì wọ̀nyí rà rí ní gbogbo Adó. Ní àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì kan náà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan kan tó dà bí imú mọ́ ọn, pé kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Mo yọjú wò ó. Wọn kò dá ihò sí abẹ́ rẹ̀. Imú tí kì í mí.

Awakọ̀ náà ní orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ló ti ní Jíítíì ni ká máa pe òun.

Màmá wa, ìyẹn ìyá bàbá rẹ̀, ló jókòó síwájú. Wọ́n ti ṣí gèlè wọn láti ilé, wọ́n gbé e lé itan bí ọmọ tuntun, nítorí orí àti gèlè kò lè jọ gba abẹ́ òrùlé yẹn. Ó wá ku kí wọ́n jáde. Wọ́n na ẹsẹ̀ kan síta, wọ́n sinmi. Wọ́n na èkejì, wọ́n pe Jésù. Mo di ọwọ́ ọ̀tún mú, Jíítíì di òsì mú, a fà, Màmá sì bọ́ sórí eékún méjèèjì láàárín títì. Àwọn obìnrin tó jókòó sí abẹ́ àgọ́ rò pé ìyá arúgbó ló ń kúnlẹ̀ kí olóòkú bẹ́ẹ̀. Ojú tì wọ́n, àwọn náà bá dìde, wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkúnlẹ̀ yẹn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èkìtì la wà o. Ọmọ ni ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà níhìn-ín. Ọmọkùnrin yìí, tí ẹ̀yìn máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tó bá yẹ kó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ti wá ṣe ohun tí gbogbo ẹbí yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún. Èmi fúnra mi, kí n tó wọ ọkọ̀ yẹn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí n fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kí n tó ti ìdí wọlé. Bàbá mi nìkan ni mo ń kí báyẹn tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé tiwa nìkan ni. Ẹ lọ dúró sí Fájuyì ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, ẹ ó rí wọn bí wọ́n ti ń tò kọjá, àyà nílẹ̀, ìyẹ́ lókè, bí àkùkọ tí òjò pa. Àwọn tí orí wọn ti funfun náà ti bá wọn dá a. Mo mọ olóyè kan tó ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, tó fi tapólì bò ó sí ẹ̀yìnkùlé láti ọjọ́ tó ti dé. Ìgbéyàwó nìkan ló máa ń gbé e lọ, tíròlì ló sì máa ń gbé ọkọ̀ náà dé ìyànà. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, olóyè á wá wà á wọ ibi àríyá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà igba. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí lẹ̀ ń ṣe yìí, ìdáhùn kan náà lẹ ó gbọ́: ọkọ̀ eré-ìje tó ń rìn ní títì ni.

Mo fẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo mú Jíítíì lọ sí ilé iyán kan ní ojú ọ̀nà Ìyìn, mo ra ẹran ìgbẹ́ fún un, mo ní kó ṣàlàyé. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n o! Ọmọ tí kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì Corolla gbẹ̀yìn ń ka ìtàn ọkọ̀ olówó bí ẹni ń ka oríkì Ewì.

Ó ní ìdíje kan wà ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1923. Wákàtí 24 gbáko ni wọ́n fi ń sáré, tọ̀sán tòru, tí àwọn awakọ̀ á máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá lọ jìnnà jù ni olúborí. Yíyípo kan jẹ́ kìlómítà 13 àti díẹ̀, títì tí ará ìlú ń gbà lójoojúmọ́ sì wà lára rẹ̀. Wọ́n á dí i tí ìdíje bá dé, wọ́n á ṣí i tó bá parí. (Èyí kò yà mí lẹ́nu. A máa ń dí títì tiwa náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àgọ́ òkú la fi ń dí i.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Òfin ìdíje náà nígbà náà ní, láti wọ ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní GT, ọkọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà fún ará ìlú, tó ní nọ́ńbà, tó sì lè rìn ní títì. Ẹni tó ṣòfin rò pé wọ́n á mú ọkọ̀ títì, wọ́n á sọ ọ́ di ọkọ̀ eré-ìje. Àwọn ilé iṣẹ́ wo òfin náà dáadáa, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ eré-ìje, wọ́n wá ṣe díẹ̀ fún títì lẹ́yìn náà, kí ìwé lè pé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta fún obìnrin, tó wá ń gbé iṣu àti oyin lọ sílé àna ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ̀kẹta. Jíítíì ní "homologation" ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó fi òkèlè iyán lé ọ̀rọ̀ náà, ó gbé méjèèjì mì.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é. Porsche ní ọkọ̀ kan, 962, tó ti ń sáré láti 1984. Nígbà tí òfin yí padà, tí ó ku díẹ̀ kó di àgbà òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Jochen Dauer gbà á, ó fi awọ sí ìjókòó rẹ̀, ó ní kí ìjọba fún un ní nọ́ńbà títì. Porsche bá gbé e padà sí Le Mans ní 1994: ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ará ìlú mà ni o. Ọkọ̀ ará ìlú yìí ló gba ipò kìíní. Eégún kan náà, ẹ̀kú tuntun.

Mercedes-Benz gbé CLK GTR jáde ní 1997, ó sì fi gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje GT ọdún náà. Ogún ni ti títì tó ní òrùlé, mẹ́fà ni èyí tí kò ní. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ títì tó wọ́n jù lọ láyé, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Nissan ní tirẹ̀ wo R390, ó ní kí la fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ṣe? Ẹyọ kan péré ló ṣe fún títì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ará ìlú! Ará ìlú wo? Àmọ́ ìwé pé, Nissan sì gba ipò kẹta ní 1998.

Toyota ni mo ṣí fìlà fún. Tiwọn ń jẹ́ GT-One, méjì ni wọ́n ṣe fún títì. Òfin sọ pé ọkọ̀ títì gbọ́dọ̀ ní àyè tí èèyàn lè gbé àpótí ẹrù kan sí. Ọkọ̀ yìí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti táyà ti gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn Toyota wá wo ojú àwọn aláṣẹ, wọ́n ní: táǹkì epo ńkọ́? Bí epo kò bá sí nínú rẹ̀, ṣé àpótí kò lè wọ ibẹ̀ ni? Àwọn aláṣẹ ronú sí i, wọ́n ní ó lè wọ̀ ọ́. Wọ́n buwọ́ lù ú.

Mo ju òkèlè sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo mọ ọgbọ́n yìí! Ọgbọ́n kọndọ́kítọ̀ wa ni. Ẹ ṣáà ti wọ bọ́ọ̀sì láti Ọjà Ọba rí, èèyàn márùn-ún ti wà lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, kọndọ́kítọ̀ á tún máa ké pé àyè ẹnì kan ṣì kù. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni àyè ọ̀hún wà, á ní bí ìyá yìí bá gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, tí bọ̀ọ̀dá yìí bá mí sínú, tí ẹ̀yin náà bá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ ó rí i. Ẹ ó sì rí i lóòótọ́. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bá ń wá níṣẹ́ ní Japáànù, kó fi ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀, kó mú ìwé kọndọ́kítọ̀ dání.

McLaren nìkan ló bá ọ̀nà títọ́ wọlé. Ọkọ̀ títì ni Gordon Murray, ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ F1, fi inú kan ṣe é fún, kò ní eré-ìje lọ́kàn. Àwọn oníbàárà ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi jẹ́ kó lọ sáré, ó sì gba Le Mans ní 1995. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó borí náà ni 59, ibẹ̀ ni ti ilẹ̀kùn Jíítíì ti wá. Wọ́n ṣe ọkọ̀ márùn-ún mìíràn sọrí McLaren márùn-ún tó parí eré náà, wọ́n pè wọ́n ní LM. Àárín gbùngbùn ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú F1, èrò kan ní ọ̀tún, èrò kan ní òsì, àwọn méjèèjì fà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí a padà délé tí mo sọ èyí fún Màmá, wọ́n ronú, wọ́n ní bàbá wa ì bá rà á, ìyá-ilé àti ìyàwó kékeré kì bá má jà mọ́ lórí ìjókòó iwájú.

Ará Ítálì kan náà wà, Gregorio Rossi, ọ̀kan lára àwọn tó ni ọtí Martini, tó sọ pé Porsche 917, ọkọ̀ tó ti gba Le Mans ní 1970 àti 1971, ni òun fẹ́ máa wà kiri. Wọ́n ṣe é fún un. Kò wá sí ìjọba ní Yúróòpù tó fẹ́ fún un ní nọ́ńbà. Alabama, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ló fún un. Òun ló so mọ́ ọkọ̀ náà tó fi wà á láti Jámánì dé Páríìsì ní 1975. Wọ́n ní Alabama fi àdéhùn kan sí i: kó má ṣe gbé ọkọ̀ náà wá sí ọ̀dọ̀ àwọn láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Baṣírì, tí nọ́ńbà ọkọ̀ yín jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tí ẹ kò dé rí, ṣé ẹ ti rí baba ìsàlẹ̀ yín báyìí?

Gbogbo ọgbọ́n yìí ni mo gbádùn. Ohun tí kò yé mi ni tiwa. Àwọn òyìnbó àti ará Japáànù fi ọkọ̀ títì pa irọ́ kí wọ́n lè rí ààyè sáré. Àwa ò ní ibi eré-ìje kankan ní Èkìtì Kete. Ọkọ̀ wa ti ní nọ́ńbà, ó ti ní pátíkúlà, ó ti ń rìn ní títì wọ́ọ́rọ́wọ́. A wá ná owó kí ó má baà lè rìn ní títì mọ́, kó lè jọ ọkọ̀ eré-ìje tó ń díbọ́n pé ọkọ̀ títì lòun. Mo sọ èyí fún Jíítíì. Ó ní, "Dáádì kékeré, kò lè yé yín."

Ó ní ìdáhùn sí gbogbo nǹkan. Ìyẹ́ tó dí gíláàsì ẹ̀yìn tí kò fi rí tábìlì alákàrà tó fi ìdí gbá ńkọ́? Ó ní MC12 tí Maserati ṣe àádọ́ta rẹ̀ fún títì ní 2004 àti 2005 kò ní gíláàsì ẹ̀yìn rárá. Mo sọ fún alákàrà. Alákàrà ní kí Maserati wá san owó ẹ̀wà òun. Ìjókòó ẹ̀yìn tó yọ sọ nù ńkọ́? Ó ní ó ń dín ẹrù kù. Ọkọ̀ tó kéré báyìí ńkọ́? Ó ní kí n dúpẹ́, pé Ford GT40 tó lu Ferrari bolẹ̀ ní Le Mans ní 1966, íńsì ogójì tí òrùlé rẹ̀ fi ga ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, méje péré ni Mark III rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún títì. Íńsì ogójì! Ìlàjì ìyẹn ni gèlè Màmá nìkan máa gbà.

Bí ti ìfaradà bá ni, ẹ jẹ́ n fi ọkọ̀ kan hàn yín. Fárágọ̀n kan wà tó ń ná Adó sí Ìjerò. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ewúrẹ́ wà lórí rẹ̀, gààrí wà lábẹ́ ìjókòó, ọmọ ilé ìwé wà lórí gààrí. Tó bá dé ẹsẹ̀ òkè, kọndọ́kítọ̀ á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́, á máa sá tẹ̀lé e, kó lè fi igi dá táyà dúró bí bíréèkì bá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Wákàtí 24 ni wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wò ní Le Mans. Ọkọ̀ yìí ti ń sáré láti ìgbà tí mo ti wà ní fọ́ọ̀mù tú, kò tíì rí ẹni da ọtí ṣánpéènì sí i lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ọ̀hún, lẹ́yìn òde, Jíítíì ní òun yóò gbé Màmá padà sílé ní Ìgèdè. Àwọn ẹbí ti di iṣu fún Màmá, nǹkan bí ọgbọ̀n, ó sì to gbogbo rẹ̀ sí ibi tí ìjókòó ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀. Èmi kò rí àyè, mo gun ọ̀kadà.

Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé ọ̀kadà ló kọ́kọ́ dé. Mo ti mu omi, mo ti bá aládùúgbò ṣàríyànjiyàn lórí owó epo, kí n tó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìlọta láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà, ohùn náà yí padà: ó ń ké, kò sún mọ́ wa. Mo jáde lọ wò ó. Bọ́ǹpù kan wà ní ìwọ̀n ilé mẹ́rin sí ilé Màmá, èyí tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn nítorí àwọn ọlọ́kadà. Corolla ti gun un. Ẹsẹ̀ iwájú ti sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò tíì gòkè, ikùn rẹ̀ jókòó sórí sìmẹ́ǹtì pẹ́pẹ́, ó ń mì lọ ó ń mì bọ̀. Nọ́ńbà 59. Màmá wà nínú rẹ̀, gèlè lórí itan, wọ́n ń bèèrè bóyá ibí ni Le Mans.

Àwọn ọmọ àdúgbò dé. A fa Màmá jáde lọ́nà tẹ́ ẹ ti mọ̀, eékún méjèèjì nílẹ̀, àwọn ọmọ sì kí wọn pé ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀. Ọkọ̀ kò dìde. A kó iṣu jáde lẹ́yọ ẹyọ, a tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì; obìnrin kan tó ń kọjá bèèrè iye tí à ń tà á. Ọkọ̀ kò dìde. Ìgbà tí ọkùnrin mẹ́jọ di ìyẹ́ ẹ̀yìn yẹn mú tí wọ́n pa ohùn pọ̀ ló tó dìde, ó sì fi ọ́ìlì dúdú kan sílẹ̀ lórí bọ́ǹpù, tó ń ṣàn tẹ̀lé wa títí dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Mẹkáníìkì wo abẹ́ rẹ̀, ó mi orí. Jíítíì ní kò sí wàhálà, pé ní Le Mans náà, ọkọ̀ máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè tún un ṣe kíá. Fárágọ̀n ló gbé e padà sí Adó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ fún mi pé ìdí ìyá kan ni òun fi ìdajì jókòó lé.

Lánàá ni mo tún yà kí Màmá. Corolla ṣì wà níwájú ilé, lábẹ́ oòrùn, níbi tí a tì í sí. Màmá ti nu ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n sì ti sá gbodo sí i láti etí kan dé èkejì, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ewé lé adìẹ. Wọ́n ní páànù yẹn ń yára gbẹ èlùbọ́ ju orí àpáta lọ, adìẹ kì í sì í tètè débẹ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá mo lè bá wọn sọ fún Jíítíì kó ní kí pánẹ́lì-bítà bá àwọn fẹ̀ ẹ́ sí i díẹ̀, nítorí iṣu ọgbọ̀n yẹn ṣì kù nínú ilé.